Iṣan multifidus

Iṣan multifidus jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣan tó jinlẹ̀ jù lọ ní ẹ̀yìn ènìyàn. Ó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Láti orí eegun ìdí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gun òkè lọ títí dé eegun ọrùn kejì, ṣùgbọ́n ìbàdí ni ó ti nípọn jù. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Látìnì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a là sí ọ̀nà púpọ̀, nítorí pé iṣan náà kì í ṣe odindi kan ṣoṣo bí iṣan apá, bí kò ṣe àkójọ ìdìpọ̀ kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ìwé ìmọ̀ nípa ẹ̀yà ara kò sọ nípa rẹ̀ ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Ohun tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín àwọn onímọ̀ ìṣègùn ni àwọn ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1994, èyí tó fi hàn pé iṣan yìí máa ń súnkì lára ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, àti pé nígbà tí ìrora bá ti lọ, iṣan náà lè má padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi ẹ̀yìn wá oúnjẹ òòjọ́. Nítorí náà ni àyọkà yìí ṣe mú Post Office ní ìlú Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwárà, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí.

Ibi tó wà àti bí ó ṣe rí

Bí a bá fi ìka tẹ àárín ẹ̀yìn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ọwọ́ yóò máa ba àwọn kókó líle tó tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn kókó yìí ni ṣóńṣó eegun ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn, lọ́tùn-ún àti lósì, ni kòtò tóóró kan wà, inú kòtò yìí sì ni iṣan multifidus sùn sí. Kí a tó dé ibẹ̀, a ó kọ́kọ́ kọjá awọ ara, ọ̀rá abẹ́ awọ, àti awẹ́ funfun líle kan tó bo gbogbo ìbàdí bí aṣọ. Lókè ìbàdí, àwọn iṣan gígùn tó máa ń mú ẹ̀yìn nàró tún bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìbàdí ti pàdé eegun ìdí, òun gan-an ló gba ọ̀pọ̀ ààyè ibẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìka lè fọwọ́ bà á láti orí awọ.

Ìdìpọ̀ fọ́nrán kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, yóò sì dá gọ̀ọ́rọ̀ lọ sí òkè àti sí àárín. Ní ìdí, orí eegun onígun mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní sacrum àti ẹ̀yìn eegun ìbàdí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbàdí, àwọn kókó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé ẹ̀yìn ni. Ní àyà, orí ìyẹ́ eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ni, nígbà tó jẹ́ pé ní ọrùn, oríkèé àwọn eegun ìsàlẹ̀ ọrùn ni. Ibi yòówù kí ó ti bẹ̀rẹ̀, yóò fo eegun bíi 2 sí 4 kí ó tó di ṣóńṣó eegun tó wà lókè mú. Ẹni tó bá ti rí òpó gíga tí wọ́n fi okùn fà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ má baà bì í ṣubú ti rí àwòrán rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òpó yìí ní oríkèé, okùn rẹ̀ sì wà ní ìpele ìpele.

Ní ọdún 1986, Nikolai Bogduk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ọsirélíà tẹ àlàyé kan jáde nípa bí a ṣe to àwọn ìdìpọ̀ wọ̀nyí ní ìbàdí. Eegun ìbàdí 5 ló wà, wọ́n sì rí i pé gbogbo ìdìpọ̀ tó so mọ́ ṣóńṣó eegun kan, okùn ìmọ̀lára kan náà, ti ìpele eegun yẹn, ló ń darí wọn. Àlàyé yìí lè dà bí ohun tí kò ju ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí a lè lóye ìdí tí iṣan náà fi lè súnkì ní ojúkan ṣoṣo nígbà tí òkè àti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ṣì nípọn. Ẹ̀ka kan lára okùn ìmọ̀lára yìí kan náà ló ń gbé ìròyìn ìrora láti inú oríkèé kéékèèké tó wà lẹ́yìn ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ.

Iṣẹ́ rẹ̀

Bí iṣan multifidus méjèèjì bá fà pọ̀, wọn yóò mú ẹ̀yìn nàró tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá dá fà, yóò bá àwọn iṣan mìíràn yí ara díẹ̀ sí apá kejì. Síbẹ̀, kì í ṣe gbígbé ara ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kí ó má ṣe jẹ́ kí eegun kan yẹ̀ lórí èkejì nígbà tí àwọn iṣan ńláńlá bá ń fa gbogbo ara síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ọdún 1995, Hans-Joachim Wilke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀pá ẹ̀yìn òkú láti wọn bí iṣan kọ̀ọ̀kan ṣe ń mú ìbàdí le. Wọ́n rí i pé láàárín eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún, ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára ìdúróṣinṣin tí àwọn iṣan fi kún un tó jẹ́ ti multifidus nìkan.

Bí fọ́nrán rẹ̀ ṣe rí bá iṣẹ́ yìí mu. Wọ́n kúrú, wọ́n sì pọ̀ lójúkan, èyí tó máa ń fún iṣan ní agbára púpọ̀ láàárín ìwọ̀n ìrìn kékeré. Bí ènìyàn bá sì ṣe ń tẹ̀ síwájú ni agbára iṣan yìí ń pọ̀ sí i, kì í ṣe pé ó ń dín kù, nítorí pé nígbà tí a bá tẹ̀ ni ọ̀pá ẹ̀yìn nílò ìrànlọ́wọ́ jù. Ó tún ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kéékèèké tó ń sọ fún ọpọlọ ipò tí ẹ̀yìn wà. Nípa báyìí, ẹni tó di ojú rẹ̀ ṣì mọ̀ bóyá òun nàró tàbí òun tẹ̀.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ̀. Ní ọdún 1955, W. F. Floyd àti P. H. S. Silver ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú títí ó fi dé ibi tí kò lè tẹ̀ mọ́, àwọn iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dákẹ́. Wọn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn iṣu okùn tó so eegun pọ̀ àti dísìkì, ìyẹn ìrọ̀rí rírọ̀ tó wà láàárín eegun kan àti èkejì, ni yóò wá máa gbé gbogbo ìwúwo ara. Bí ó bá jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí ewu níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn okùn yẹn yóò nà díẹ̀díẹ̀, ìdúró wọn yóò sì dẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn bá ń ro

Julie Hides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi skáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aláboyún, wo iṣan multifidus àwọn tí ẹ̀yìn ń ro. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1994, wọ́n rí i pé iṣan náà ti kéré ní apá ibi tí ìrora wà, àti pé ìpele eegun kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jẹ́. Kò tí ì pẹ́ tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn wọ̀nyí, nítorí náà a kò lè sọ pé àìlo ara ló fà á. Paul Hodges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún dán an wò lára ẹlẹ́dẹ̀ ní ọdún 2006: bí wọ́n bá ti ṣe dísìkì kan tàbí okùn ìmọ̀lára kan léṣe, láàárín ọjọ́ 3 péré ni iṣan ibẹ̀ ti súnkì.

Ìwádìí tó ṣe pàtàkì jù jáde ní ọdún 1996. Hides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ènìyàn 39 tí ẹ̀yìn ń ro fún ìgbà àkọ́kọ́. Apá kan gba ìtọ́jú dókítà lásán, apá kejì gba ìtọ́jú náà pẹ̀lú eré ìdárayá tí a dìídì ṣe fún multifidus. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ìrora ti lọ lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, yálà wọ́n ṣe eré ìdárayá tàbí wọn kò ṣe é, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún fi skáànù wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, iṣan àwọn tí kò ṣe eré ìdárayá ṣì kéré bí ó ti wà. Wọn kò mọ̀ ọ́n lára, nítorí iṣan tó súnkì kì í ké. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀yìn ríro ti padà sára ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ṣe é, nígbà tó jẹ́ ìdá 30 péré lára àwọn tó ṣe é. Ènìyàn 39 kò pọ̀, ìṣirò tó jáde láti inú irú iye bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé gbé kalẹ̀ bí òfin. Síbẹ̀, òun ló yí ọ̀nà tí àwọn olùtọ́jú físíò ń gbà wo ẹ̀yìn ríro padà.

Bí ìrora bá pẹ́ lára, àyípadà mìíràn a máa wáyé: ọ̀rá a wọ àárín fọ́nrán iṣan náà, èyí tí àwòrán MRI máa ń fi hàn bí ìlà funfun nínú ẹran dúdú. Àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú tí wọ́n pẹ́ lókè, níbi tí ara kò ti wúwo, náà máa ń bọ̀ wálé pẹ̀lú multifidus tó ti kéré ní ìbàdí.

Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá súnkì iṣan ló ń fa ìrora tàbí ìrora ló ń fa súnkì. Ti àwọn ẹlẹ́dẹ̀ fi hàn pé ìpalára lè kọ́kọ́ wá. Ó sì dájú pé àwọn kan wà tí ọ̀rá pọ̀ nínú iṣan wọn tí ẹ̀yìn kò sì ro wọ́n rí.

Iṣẹ́ abẹ

Láti dé ọ̀pá ẹ̀yìn, oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ kọjá lára iṣan yìí. Bí wọ́n bá bó o kúrò lára eegun tí wọ́n sì fi irin fà á sẹ́yìn fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ dáadáa, okùn ìmọ̀lára rẹ̀ sì lè já. Nítorí èyí ni Leon Wiltse, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, fi ṣàlàyé ní ọdún 1968 ọ̀nà kan tó gba àárín multifidus àti iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì gé èyíkéyìí nínú wọn. Ọ̀nà yìí ṣì wà ní lílò. Bákan náà, nígbà tí wọ́n bá fi iná jó okùn ìmọ̀lára oríkèé ẹ̀yìn kí ìrora lè dákẹ́, ẹ̀ka tó ń darí multifidus ní ìpele náà ni wọ́n ń jó, èyí tó túmọ̀ sí pé apá kan iṣan náà yóò sùn.

Ẹ̀yìn ríro ní Post Office àti ní ilẹ̀ Yorùbá

Post Office jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oríta tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Ìlọrin. Ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, afárá olókè sì wà níbẹ̀. Ní irú oríta bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí multifidus kò fẹ́ ni a lè rí láàárín wákàtí kan: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sórí òkìtì aṣọ òkìrìkà tó ń ṣà á, ìyálọ́jà tó jókòó sórí àpótí kúkúrú láti àárọ̀ tí orúnkún rẹ̀ ga ju ìbàdí lọ, alábàárù tó ń já ẹrù láti inú ọkọ̀, ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Marúwá tí ojú títì ń gbọ̀n lábẹ́ wọn. Gbígbé ẹrù nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀. Jíjókòó sójú kan, bíbẹ̀rẹ̀ pẹ́ àti ìgbọ̀njìgbọ̀n ọkọ̀ náà wà lára àwọn ohun tí àwọn ìwádìí so mọ́ ẹ̀yìn ríro.

Kì í ṣe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ agbára nìkan ló kàn. F. O. Omokhodion àti A. O. Sanya tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2003 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, wọ́n sì rí i pé ẹ̀yìn ti ro ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún wọn láàárín oṣù 12. Nígbà tí Q. A. Louw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí ilẹ̀ Áfíríkà jọ ní ọdún 2007, ìpíndọ́gba àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ti ro láàárín ọdún kan jẹ́ ìdajì. Ní àgbáyé, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni a ṣírò pé ẹ̀yìn ń ro ní ọdún 2020.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn bí ìbàdí bá ń ro wọ́n, wọ́n á ní ohun dídùn tí àwọn jẹ ló fà á. Àwọn mìíràn á pè é ní làkúrègbé. Àwọn alágbo sì ní àgbo fún un, èyí tí wọ́n ń pe irú rẹ̀ kan ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò yẹ kí a fi àwọn tó ń mu ún ṣẹ̀sín. Bí a ti rí i nínú ìwádìí ọdún 1996, ẹ̀yìn ríro àkọ́kọ́ sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ohun yòówù kí ènìyàn lò. Nítorí náà, ẹni tó mu àgbo yóò sọ pé àgbo ló ṣe é, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ yóò sọ pé abẹ́rẹ́ ni, àwọn méjèèjì yóò sì padà sídìí ẹrù wọn pẹ̀lú iṣan tó ṣì súnkì. Bí ó bá tún dé ní oṣù kẹfà, wọn yóò ní àìsàn mìíràn ni.

Lílo tramadol láti fi gbára dì fún iṣẹ́ burú ju èyí lọ. Ó máa ń di àmúlò tí ènìyàn kò lè fi sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ ń kìlọ̀ fún máa bá iṣẹ́ lọ. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ lára, wọ́n ní kí a má ṣe fi irú òògùn yìí tọ́jú rẹ̀. Wọ́n kò sì fọwọ́ sí bẹ́líìtì ẹ̀yìn tí àwọn ènìyàn ń rà. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni ẹ̀kọ́ nípa ara, eré ìdárayá, fífọwọ́ ra ara àti àwọn òògùn kan tó ń pa ìrora àti wíwú.

Ìtọ́jú físíò kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ọdún 1945 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn eegun Igbóbì ní ìlú Èkó, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ oyè ní ọdún 1966. Ní Ilé-Ifẹ̀, Chidozie Mbada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọn iye ìṣẹ́jú tí iṣan ẹ̀yìn àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ara wọn le fi lè dúró kí ó tó rẹ̀ wọ́n, kí àwọn olùtọ́jú lè ní òṣùwọ̀n tó bá àwọn ènìyàn wọn mu.

Àyẹ̀wò iṣan náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti olówó nìkan. Olùtọ́jú lè ní kí aláìsàn dojú bolẹ̀, kí ó gbé apá kan sókè díẹ̀, kí òun sì fi ìka bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó eegun ìbàdí ní apá kejì láti mọ̀ bóyá iṣan ibẹ̀ ń yọ, tàbí ó kàn sùn. Láti jí i, wọn a ní kí ẹni náà rọra fún iṣan ìbàdí rẹ̀ láì mira. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò fọwọ́ télẹ̀ bí ọmọ tó ń rákòrò, yóò na apá ọ̀tún síwájú àti ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, yóò dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó tó ṣe ti apá kejì. Kò gba owó, kò sì gba ẹ̀rọ, ẹní lásán tó.

A kò lè sọ pé eré ìdárayá yìí nìkan ló dára. Nínú àtúnyẹ̀wò kan tí àjọ Cochrane gbé jáde ní ọdún 2016, irú eré ìdárayá tó dojú kọ àwọn iṣan inú kò fi bẹ́ẹ̀ dára ju àwọn mìíràn lọ fún ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́. Rírìn pàápàá ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà tó jáde ní ọdún 2024, wọ́n fi ètò ìrìn ẹsẹ̀ àti ẹ̀kọ́ ran àwọn tí ẹ̀yìn ríro ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lára wọn lọ́wọ́, nínú ènìyàn 701 tó kópa. Àwọn tó rìn lo ọjọ́ bíi 208 kí ó tó padà, àwọn tí a kò fún ní ètò kankan lo ọjọ́ 112. Fún ẹni tó wà ní Post Office, èyí lè túmọ̀ sí kí ó dìde lórí àpótí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó gbé òkìtì aṣọ sórí tábìlì, tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ rìn lára ọ̀nà ilé dípò kí ó wọ ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ríro ni ti iṣan. Ikọ́ ife a máa wọ inú eegun ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ di iké tàbí kí ó da ẹsẹ̀ dúró. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro tí ibà alaalẹ́, òógùn òru tàbí rírù wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí ìrora kì í jẹ́ kí ó sùn, àti ẹni tó ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí, kí wọ́n lọ rí dókítà kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀yìn wọn. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tí ojú ara àti àárín itan kò mọ ohun tó kàn wọ́n mọ́, tàbí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kò ṣeé mú dúró, ilé ìwòsàn ni ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí okùn ìmọ̀lára tí a bá fi sílẹ̀ ní títẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè má jí mọ́.